Alága Tí Kì Í Ka Ìwé Kó Tó Tẹ Èdìdì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wá jókòó tì mí níbi tí iná abẹ́lẹ̀ ti mú ilẹ̀ ilé gbóná jù. Ẹ sún mọ́ra dáadáa, àyè gbà wá. Ìtàn ọkùnrin kan tí kì í ka ìwé kó tó tẹ èdìdì sí i ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kò jalè, kò sì pààyàn. Àìbìkítà rẹ̀ ló ba tiwa jẹ́, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Pyo Gil-su ni orúkọ rẹ̀, àwọn kan a sì máa fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é ní Bàbá Hye-rin. Òun ló ni ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja ní Dolmi, ìlú wa, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, tí èdìdì ẹni, òǹtẹ̀ kékeré tí a gbẹ́ orúkọ ẹni sí, bá ti wà lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn ọlọ́gbọ́n a máa ti tiwọn mọ́nú àpótí. Pyo so tirẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ń jù ú sókè jù ú sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń ka ìwé níwájú àlejò ti pe àlejò náà lólè.

Lọ́dún náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ gbẹ. Epo bọ́ọ̀sì di wàhálà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fokùn so bàtà tó ti ya. Ohun méjì péré la ní tó níye lórí. Èkíní ni Seok-cheol, ọmọ apẹja tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń jẹun. Èkejì ni pápá wa, tí àwọn ìyá wa fi orí ru òkúta ibẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí òdòdó ń yọ, Maeng, alága ẹgbẹ́ Sangho, gbé èso àti ìwé kan wá.

“Alága,” ni Maeng wí, “ta ló tún mọ bọ́ọ̀lù tó yín létí òkun yìí? Ẹ fún wa ní Seok-cheol lọ́dún tó ń bọ̀. Owó rèé.”

Ìyá Du-sik, arúgbó tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, na ọwọ́. “Bàbá Hye-rin, ẹ jẹ́ kí n kà á ná.”

“Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni? Èèyàn gbé èso wá fún wa.”

“Ó gbé èso wá, ó tún gbé ìwé wá. Èso nìkan lẹ wò.”

Pyo rẹ́rìn-ín, ó tẹ èdìdì. Ó fi owó náà tún bọ́ọ̀sì ṣe, ó sì rán jákẹ́ẹ̀tì tó kọ ALÁGA sí lẹ́yìn.

Kí òjò tó dé, Tak, alága ẹgbẹ́ Namgok, náà gbé ọtí àti ìwé tirẹ̀ wá. Seok-cheol kan náà ló ń bèèrè, lọ́dún kan náà. Pyo rò pé ìwé ti Maeng kò ju oṣù díẹ̀ lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó tún tẹ èdìdì.

Nígbà tí Maeng àti Tak gbọ́ nípa ìwé ara wọn, wọ́n gbé wa lọ sí kóòtù, wọ́n sì tún pe ara wọn lẹ́jọ́. Kóòtù ní kí Seok-cheol má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó padà sídìí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

“Ṣé èdìdì yín nìyí?” ni adájọ́ bi Pyo.

“Tèmi ni, olúwa mi.”

“Ṣé ẹ ka ìwé náà?”

“Olúwa mi, àlejò ló gbé e wá.”

“Mi ò bèèrè ẹni tó gbé e wá.”

Adájọ́ ní kí wọ́n lọ parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn kí oṣù tó tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò dá ẹjọ́ náà. Ìyá Du-sik bá Pyo jáde. “Bàbá Hye-rin, ẹ fún wọn ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ má fún wọn ní pápá.”

“Ṣé orí mi dàrú ni?” ni Pyo fèsì.

Ó pe Maeng àti Tak wá jẹun nílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ se ọbẹ̀ alákàn. Ìyá Du-sik náà wá, ṣùgbọ́n Pyo ní kó lọ bá ìyàwó òun wo ọbẹ̀ ní ilé ìdáná.

“Ìwé ni mo fẹ́ wò, kì í ṣe ọbẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Du-sik. Àgbà ni wọ́n.”

Àwọn méjì tí wọn kò kí ara wọn láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ wá ń fi ọtí Pyo kí ara wọn. Inú Pyo dùn débi pé kò jókòó. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu ọtí fún wọn, àwọn ń kọ̀wé. Nígbà tó yá, Tak ti ìwé náà síwájú rẹ̀.

“Alága, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.”

“Kí ni mo fẹ́ kà? Ṣé mo fura sí yín ni?”

Ó tẹ èdìdì. Kò hàn dáadáa, ó bá tún òmíràn tẹ̀ kó lè mọ́ kedere. Àní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀yin ọmọ.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí Ìyá Du-sik wá kó abọ́, ó sì ka ẹ̀dà ìwé tó wà láàárín èèpo alákàn. Namgok gba Seok-cheol. Sangho gba pápá fún ogún ọdún. Dolmi jáde kúrò nínú ìdíje. Ó kà á sókè.

Ojú Pyo funfun bí ìrẹsì. “Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá a padà fún mi.”

Maeng ń wọ bàtà. “Alága, ṣebí a ní kẹ́ ẹ kà á.”

Wọ́n tẹríba, wọ́n dúpẹ́ oúnjẹ. Torí pé onílé gbọ́dọ̀ sin àlejò, Pyo sìn wọ́n dé ẹnu géètì, òun náà tẹríba. Ọkọ̀ wọn ti kọjá etí òkun kó tó gbé orí sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní alága mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí, ẹ kà á dópin, kódà kó jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù ló gbé e wá. Ìwé kíkà kì í ṣe ìwọ̀sí. Àlejò tó bá bínú torí pé ẹ ń kàwé, ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ má fún un ní èdìdì. Kí ẹ sì ṣọ́ra jù lọ nígbà tó bá jẹ́ ohun ìní gbogbo ìlú ló wà lọ́wọ́ yín. Ká ní ilé rẹ̀ ni Pyo tẹ èdìdì lé lórí, òun nìkan ni ì bá sun ìta. Pápá yẹn, gbogbo wa la pàdánù rẹ̀.