Èrò Ogún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun mọ, kó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Agírà. Àga rẹ̀ ti ya, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́, Kàmọ́rù tó ń wà á kì í sì í ṣí àfi tí èrò bá pé ogún.

Àwọn mọ́kàndínlógún ti jókòó láti ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ti wá ṣú. Ṣùwébátù, tíṣà tó ti fi gbogbo ọjọ́ dúró kọ́ni, ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ lórí omi. Ti ẹni tí wọ́n ń retí wà lórí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Ó ku ẹnìkan, Tíṣà.”

Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó kọjú sí èbúté tó dá páropáro, ó ní, “Ẹni tó kù, máa bọ̀ jàre, ká lè délé.”

Ìyá àgbà kan níwájú bojú wẹ̀yìn. “Ọmọ mi, a kì í pe ẹni tí a kò rí létí omi lálẹ́.”

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pákó èbúté dún, ó tún dún, ó ń súnmọ́ wọn. Ọkọ̀ wá rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń tẹ̀ tí èèyàn bá wọlé.

Kàmọ́rù kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Ó ti pé,” ló wí, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣùwébátù, jákẹ́ẹ̀tì náà rọra dìde lórí àga, ìdè àyà rẹ̀ sì dún pá bó ṣe há mọ́ra.