Ẹsẹ̀ Tuntun fún Píjò

Ọdún mọ́kànlá ni Adéníyì fi to ọkọ̀ náà pọ̀. Ara Píjò 504 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ kan, ìjókòó rẹ̀ láti ara òmíràn, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ tí ó ṣeé ká sẹ́yìn. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Abraham Adésànyà Estate. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi ẹsẹ̀, ìyẹn sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀. Bó bá wọ kòtò, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á mọ iye egungun tí Ọlọ́run fi sí i lára.

Ní oṣù kejìlá, kòtò kan ní Lakowe dá Adéníyì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tolúwani, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lekki, wá kí i. Ó ti bá a rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà.

"Dádì, ẹ tà á. Ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn kì í ta ìdí tòkunbọ̀ o."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá pààrọ̀," ni Adéníyì wí látorí bẹ́ẹ̀dì. "Mikail á gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé sí i."

Àwọn méjèèjì wo Ọlákẹ́mi, ìyàwó Adéníyì. Ó ń ká aṣọ.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ láyé."

Tolúwani rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé ìyá òun wà lẹ́yìn òun.

Mikail, mẹkáníìkì tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní Ajah, ní bí ó ṣe ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí ìjókòó ẹ̀yìn, yóò gbé kíréètì ẹyin kan lé e, yóò wa ọkọ̀ lọ sí Lakowe, yóò sì wà á bọ̀. Bí aṣọ bá gbẹ, iṣẹ́ pé. Ibẹ̀ ni bàbá àti ọmọ fẹnu kò sí: bí aṣọ bá gbẹ, ọkọ̀ dúró, bí ó bá tutù lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ lọ. Tolúwani ni yóò máa ra ẹyin, kí bàbá rẹ̀ má baà lọ ṣa èyí tí èèpo rẹ̀ le. Ọlákẹ́mi ni yóò máa tọ́jú ẹyin náà mọ́jú, torí kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀sùn màgòmágó kàn án.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Píjò lò lọ́dọ̀ Mikail. Ó gé irin, ó jó irin, ó yọ sípíríǹgì àtijọ́ dànù, ó gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni Adéníyì fi wà nílé. Ó to àwọn agolo èlò ọbẹ̀ Ọlákẹ́mi ní a, b, d. Ó pa fìrísà kí ó lè sinmi. Ó dúró ti ìkòkò ẹ̀wà tòun ti aago lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún òun. Ọlákẹ́mi kò bá a jà. Àràárọ̀ ló ń pe Mikail lórí fóònù láti bi í pé ìgbà wo ni iṣẹ́ máa parí.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹyin méjì fọ́ nínú ọgbọ̀n.

"Ìdí mi ò gbọ́ nǹkan kan o!" ni Adéníyì wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹyin ló ni ọkọ̀ ni, àbí èmi?"

"Aṣọ tutù, Dádì."

Mikail yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. "Ẹsẹ̀ òsì yìí ló ṣì le díẹ̀, Màmá. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

Ọlákẹ́mi dín ẹyin méjèèjì fún un, ó fi búrẹ́dì tì í. Mikail jẹ ẹ́, ó sì dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn le fún Adéníyì. Ẹ̀rù ń bà á. Á lọ dúró síbi tí ọkọ̀ máa ń wà, á wo ilẹ̀, á mí kanlẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ó wà ní ilé ìdáná.

Sátidé kejì, Tolúwani dé ní kùtùkùtù, ó béèrè tíì.

"Gáàsì ti tán láti ìdájí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ọlákẹ́mi gbé kíréètì jáde fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ ìdáná dì í mú, ó sì rọra gbé e lé aṣọ funfun náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mikail wa ọkọ̀, Adéníyì jókòó tì í, Tolúwani wà lẹ́yìn, ó ń ṣọ́ ẹyin. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀.

Mikail gbé kíréètì sókè. "Ọ̀kan sán díẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò jò."

Tolúwani fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà títí. "Mọ́mì, èyí tó sán ti fọ́ nìyẹn!"

"Aṣọ lẹ fẹnu kò sí," ni Ọlákẹ́mi wí. "Aṣọ gbẹ."

Omi bọ́ lójú Adéníyì. Ó ní eruku ni. Tolúwani pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Màmá, ẹyin mi dà?" ni Mikail béèrè.

"Èwo ló fọ́ tí n ó dín?" Sàdíìnì ló fi ti búrẹ́dì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé gáàsì tuntun dé, tí Píjò ti gbé Adéníyì lọ sí Lakowe tí ilé sì pa lọ́lọ́, Tolúwani fẹ́ dín ẹyin, ó lu ọ̀kan mọ́ etí abọ́, kò dà, ó lu èkejì, kò dà, ó nawọ́ sí ìkẹta kí ìyá rẹ̀ tó ti iyọ̀ sí i níwájú, tó ní, "Má da ara ẹ láàmú, gbogbo ọgbọ̀n ni mo sè, bó o bá ta ọkọ̀ yẹn, ṣé ilé ìdáná tìẹ ni bàbá ẹ á wá máa dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́?"