Ẹ̀kọ Oníwàásù

Opó oníwàásù tún dìde, ó yọjú lójú fèrèsé, ó padà wá jókòó. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Lórí ẹní, Bámiṣayé àkọ́bí rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ẹ jẹ́ ká gbé bùọ̀dá lọ sí ọsibítù," Adéòkè àbúrò rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. "Ibà yìí ti le jù."

"Ọsibítù kẹ̀?" Eyín Bámiṣayé ń lu ara wọn. "Kí n dójú ti ìjọ tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi? Ṣé o ti gbàgbé ni? Bàbá wàásù nínú òjò ní gbàgede Paparanda, ibà ń dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, àdúrà ni wọ́n fi ń dìde. Oògùn kò kan ètè wọn rí!"

"Gbogbo Lọ́kọ́jà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀," Adéòkè gbà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Opó náà fò dìde. "Ẹ jẹ́ kí n po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, irú èyí tí mo máa ń po fún bàbá yín."

Ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò iyọ̀, ó fa hóró oògùn ibà yọ, ó fi ìdí ṣíbí lọ̀ ọ́ kúnná, ó dà á sínú ẹ̀kọ, ó bu ṣúgà lé e.

Bámiṣayé tọ́ ọ wò, ó fajú ro. "Ìyá, ẹ̀kọ yín mà korò o!"

"Báyìí náà ni bàbá rẹ máa ń wí," opó náà dáhùn. "Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mu ún tán."