Aṣọ Mẹ́kà Tí Azeezah Fi Ẹ̀rọ Fọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni.

1
Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní àdúgbò Kennedy, ní ìlú Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ìyá Azeezah jókòó sórí àpótí lágbàlá pẹ̀lú abọ́ ńlá mẹ́ta, ó ń ṣa aṣọ: funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, àdìrẹ lọ́tọ̀. Ó ta omi sí etí àdìrẹ tuntun kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi àkísà funfun tẹ̀ ẹ́. Aró ràn mọ́ àkísà náà, ó sì yọ àdìrẹ náà sọ́tọ̀.

Azeezah, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Zone industrielle, àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ni.

"Màmá, ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ayé ti kọjá abọ́ mẹ́ta."

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ ní ojú tó máa fi ṣa aṣọ ni?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń ṣa aṣọ rẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àìsàn fi gbé ìyá náà lọ.

2
Ó ku ọjọ́ méjì kí ogójì ọjọ́ olóògbé pé, ọjọ́ tí ẹbí máa pín aṣọ rẹ̀. Táńtì Sìdíkátù, àbúrò ìyá náà, kò bèèrè ju ẹyọ kan lọ: aṣọ funfun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ní Mẹ́kà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣèlérí lórí ibùsùn àìsàn pé Sìdíkátù ni yóò wọ̀ ọ́ lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí.

"Azeezah, ọwọ́ ni kí o fi fọ̀ ọ́. Má da àdìrẹ mọ́ ọn."

"Mo ti gbọ́, Táńtì."

Kò gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ki gbogbo aṣọ, àti funfun àti àdìrẹ, sínú ẹ̀rọ títí ilẹ̀kùn fi ń kọ̀ láti padé. Ó bu ọṣẹ tí à ń lò fún ìfọṣọ ọlọ́wọ́, ìkúnwọ́ mẹ́ta, ó yí ẹ̀rọ sí omi gbígbóná. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi ń yọ jáde lókè. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dákẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí nítorí omi wà nínú rẹ̀. Azeezah wo aago, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Christian tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Omi aró tú jáde, Christian sì fa bọ́tìnnì àti òwú yọ níbẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn. Ẹ bọ́ ọ yó jù ni. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè aṣọ kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ọṣẹ tí kì í hó ni tiẹ̀, díẹ̀ sì ti tó." Ó wo aṣọ funfun tí Azeezah fà jáde nínú ẹ̀rọ, tí aró ti ràn mọ́. "Ẹ má sá a o. Bí aró bá gbẹ sí i lára, kò ní ṣí mọ́. Ẹ tún un fọ̀, òun nìkan."

Ìtìjú kò jẹ́ kí Azeezah ní sùúrù. Bí Christian ṣe lọ ni ó da Javel, omi tí à ń fi sọ aṣọ di funfun, lé aṣọ náà láìbomi là á. Aró náà pọ́n rúsúrúsú, àyà aṣọ náà sì jẹrà. Nígbà tó gbẹ, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì ká a kí ibi tó dára lè wà níta.

3
Lọ́jọ́ ogójì, lójú gbogbo ẹbí, Táńtì Sìdíkátù gbé aṣọ náà lé itan.

"Ọwọ́ lo fi fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Táńtì."

Ó tú u. Ìka rẹ̀ gba àyà aṣọ náà kọjá. Ládépọ̀, ẹ̀gbọ́n Azeezah, wolẹ̀.

"O mọ aṣọ ká," ni Táńtì wí.

Azeezah kúnlẹ̀. "Ẹ̀rọ ni, Táńtì. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀rọ kọ́ ló purọ́ fún mi."

Aṣọ tí wọ́n rà lọ́jà ni Táńtì wọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Ó dé, ó ń kí Azeezah, ṣùgbọ́n kò wọ ilé rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣa aṣọ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ wo àpò rẹ̀. Ẹ má ki aṣọ kún ẹ̀rọ jù. Bí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ìbòmọ́lẹ̀ ló ba ìyókù jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Aṣọ Mẹ́kà ìyá náà ṣì wà nínú àpótí Azeezah. Kò sẹ́ni tó gbà á.