Ògiri Ẹ̀yìn Sáfà

Ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínsànyà. Òun ni olórí àwọn tó ń bójú tó ilé kíkọ́ àti àtúnṣe. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gun àjà, tó ń tú páìpù, tó ń kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Àárẹ̀ wá wọ̀ ọ́ dé egungun, débi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀ bí iṣẹ́ bá délẹ̀: "Ó ti tó bẹ́ẹ̀." Àléébù rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n kó gbogbo káàdì àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ra sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ fún gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Wọ́n ní kí Akínsànyà wá yàrá fún un. Stóò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó fẹ̀ ní mẹ́jọ, ṣùgbọ́n àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán ló kún ìdajì rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló ni bẹ́ẹ̀dì. Akínsànyà ro lẹ́tà tí yóò kọ, ó ro ìpàdé tí wọn yóò pè, ó ro ariwo obìnrin náà, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní kí bíríkìlà mọ ògiri sí àárín, kí bẹ́ẹ̀dì máa wà ní tirẹ̀, kí sáfà wà ní tirẹ̀.

Ìbídùn, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Fìkáyọ̀, obìnrin tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, wá wo ibẹ̀ kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe tóbi tó, ó sì lọ dúró sẹ́yìn àwòrán náà.

"Ẹ wò ó, Bàbá, ibi tí èmi máa dúró sí nìyí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré. Ẹ̀yìn ni gbogbo wáyà ń gbà wọlé, ẹ̀yìn náà sì ni ooru ń gbà jáde."

Akínsànyà na téèpù, ó wò ó. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ògiri yóò bọ́ sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó dé ipò yìí, ojú káfíńtà ló sì fi wo ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá Fìkáyọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù onírin lèyí. Ta ló ń ti ẹ̀yìn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù? Jẹ́ ká fẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó rí i pé ojú bàbá náà ti ń pa dé, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ. Wọ́n mọ ògiri náà, wọ́n so wáyà ẹ̀rọ tán, wọ́n tì í mọ́ ògiri, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ilẹ̀ gbóná bí ààrò, sáfà kú láàárọ̀ Sátidé kan. Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ṣú lójú. Òórùn wáyà tó jó ń ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ wá. Ìbídùn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ kò kọjá ọrùn-ọwọ́.

Ìyá àgbà kan, Màmá Àbẹ̀jẹ́, wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú stóò náà. Inú ti ń run ún láti ìdájí. Abẹ́rẹ́ kan tí ara rẹ̀ kò gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Inú sáfà ni orúkọ náà wà. Dókítà ní òun kò ní fi ohunkóhun gún un títí òun yóò fi rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Kò sí bíríkìlà nítòsí. Akínsànyà fúnra rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó gun orí àwọn bẹ́ẹ̀dì, ó gbé òòlù ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri tó ní kí wọ́n mọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Apá ń ro ó, ìbàdí ń ro ó, eruku kún ojú rẹ̀. Nígbà tó jáde wá mí, màmá náà gbórí sókè, ó di ikùn mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ó ní. "Ẹ kú wàhálà nítorí tiwa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Ẹni tí wọ́n bá kí lẹ́nu iṣẹ́ a máa dáhùn. Ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akínsànyà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìtìjú bò ó. Ó padà sídìí ògiri, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ihò gba ènìyàn, Ìbídùn wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀ tó fi pààrọ̀ wáyà tó jó, tí ẹ̀rọ náà sì tún ṣiṣẹ́. Orúkọ abẹ́rẹ́ náà jáde, wọ́n fún màmá ní èyí tó bá ara rẹ̀ mu, ó sì sùn. Ó yè, ẹ má mikàn. Ṣùgbọ́n láti ìdájí títí oòrùn fi rọlẹ̀ ló fi jẹ̀rora, kò sì sí ẹni tó lè dá àwọn wákàtí yẹn padà fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, mátírọ́ọ̀nù bá àwọn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lábẹ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Akínsànyà dúró de ariwo. Obìnrin náà kàn wò ó.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ó ní. "Àárọ̀ ọjọ́ kan là bá fi kó wọn dànù."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo ṣe jókòó yìí, ó ti rẹ èmi náà. Ẹni tó bá ti rẹ̀, kí ó sinmi, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ kí àárẹ̀ bá òun di téèpù mú. Bí ẹ bá ń wọn àyè fún ẹ̀rọ, ẹ wọn àyè fún ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tí kì í bàjẹ́. Wàhálà tí ẹ bá sá fún lónìí, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rù ú kí ó tó padà wá bá yín nílé. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.