Ẹ̀kọ́ Kẹta

Ó di dandan kí olùkọ́ kan dúró níwájú kíláàsì kọ̀ǹpútà kí agogo ìjáde tó lù lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: bí kò bá sẹ́ni tó wá, àga tó ti kán ni òun máa kó sí yàrá kọ̀ǹpútà.

Alága ẹgbẹ́ gbé fóònù, ó ń pe àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ni, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òun ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú u wò bí ẹni tú ojú rírán, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ní àlejò. Ẹnì kejì, Gogoro, kò gbé fóònù. Ẹnì kẹta ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tìrẹ kì í dé."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Olùkọ́ kan á wá, á kọ́ wọn ní títan ẹ̀rọ. Á tún wá, á kọ́ wọn ní lẹ́tà títẹ̀. Ó parí síbẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí títan ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ kẹta, yíya àwòrán tó níwọ̀n, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí.

"Ẹ̀ ń wá olùkọ́ bí ẹni tọ́mọ tiẹ̀ wà ní kíláàsì," ni àbúrò rẹ̀ wí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ ò sì tíì bímọ."

"Ṣòkòtò oníṣòkòtò tí ò ń rán yẹn ni kó o wò."

Nígbà tí alága dé ilé ẹ̀kọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà tòun ti kọ́kọ́rọ́. "Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ ò kọ́ wọn? Kò sígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn tí o ò jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn."

"Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá olùkọ́, mà."

"Àbí kíkọ́ wọn ti kéré jù fún ọ?"

Fóònù alága dún. Gogoro ni, ó ní inú ariwo lòun wà, òun ò gbọ́ ìpè.

"Má ṣàlàyé. Máa bọ̀. Má sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí títan ẹ̀rọ o."

Gogoro dé, òógùn bò ó. Ó nu ojú, ó ní, "Ta ni ò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ kẹta?"

Gbogbo ọmọ nawọ́ sókè.

Níbi tó jókòó sí lẹ́yìn àwọn ọmọ, alága ẹgbẹ́ bọ́ téèpù lọ́rùn, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn, ó sì nawọ́ sókè. Ó ṣe tán, títan ẹ̀rọ àti lẹ́tà títẹ̀ nìkan lòun náà mọ̀.