Ẹgbẹ̀ta Náírà Oúnjẹ Ọmọ

"Ẹgbẹ̀ta náírà ni mo sọ, n ò sì ní yí i padà!" Olùtọ́jú ọmọ náà fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ n'Ìkọ̀yà. Àwọn òbí tó gbé ọmọ wá láàárọ̀ dúró lójúde, wọ́n ń kùn. Irínwó ni wọ́n ń san lójúmọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ìléríolúwa ló ń pariwo jù. "Irínwó lẹ máa gbà lọ́wọ́ èmi, Màmá. Kí ni ọmọ ọdún méjì fẹ́ jẹ?"

"Ẹja ló ń jẹ! Òkèlè púpurú ti wọ́n, ẹja ti wọ́n, n ò sì ní fi omi ọbẹ̀ lásán tan ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ."

"Ó dáa, èmi ò ní san án."

Obìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá gbà fún un, kò sẹ́ni tó máa san án mọ́. Ó gbé báàgì Ìléríolúwa, ó nà án sí ọkùnrin náà. "Gbé ọmọ rẹ, kó o máa lọ."

Charity, ìyá ìbejì, tó ti ń halẹ̀ láti àná pé òun á kó àwọn ọmọ òun lọ, ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Bí ẹ bá lè lé ọmọ tí ẹ fi ikùn yín bí, ta wá lèmi? Ẹ gba owó mi, mà."

Àwọn yòókù tọwọ́ bàpò. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ó ku òun nìkan, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó fi owó lé e lọ́wọ́.

Ìyá kà á.

"Ó ku ọgọ́rùn-ún."